Wíwa Mọ́tò Yí Upolu Ká: Ìmúra fún Ọ̀nà Etíkun Samoa

Upolu kò tóbi. Láti ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìwọ̀-oòrùn dé ìpẹ̀kun rẹ̀ ní ìlà-oòrùn, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 75 lọ. Ẹni tó bá gbéra ní Apia, olú-ìlú Samoa, ní àárọ̀ kùtù lè yí etíkun náà po kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń ṣìṣe. Wọ́n á wo máàpù, wọ́n á ka kìlómítà, wọ́n á ní ọjọ́ kan ti tó. Wọn ò rántí pé abúlé ló tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé òpin, àti pé abúlé kọ̀ọ̀kan ló ni etí òkun tó wà níwájú rẹ̀. Abúlé kọ̀ọ̀kan ní àwọn olóyè tirẹ̀, ó ní àkókò àdúrà tirẹ̀, ó ní iye tó ń gbà lọ́wọ́ àlejò, ó sì ní ọjọ́ tí kò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni nínú omi. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ni kí ẹ fi ṣètò ìrìn àjò yín kí ẹ tó ka kìlómítà rárá, kí ẹ sì ya ọjọ́ mẹ́ta sọ́tọ̀, ó kéré tán.

Nǹkan bíi ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ilẹ̀ Samoa ló jẹ́ ilẹ̀ àjogúnbá tó wà lọ́wọ́ ẹbí, a kì í sì í tà á. Matai ni wọ́n ń pe olórí ẹbí. Ẹbí ló ń yan matai, àwọn matai ló sì ń jókòó papọ̀ nínú ìgbìmọ̀ abúlé tí wọ́n ń pè ní fono, èyí tó lágbára láti bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá rú òfin abúlé. Ẹni tó mọ ohun tí mọ́gàjí àti ilẹ̀ ẹbí jẹ́ láàárín wa kò ní í pẹ́ kó tó lóye rẹ̀. Torí náà, bí ẹ bá yà sí etíkun kan tí ìyá àgbà kan sì jáde wá gba tala (owó Samoa) márùn-ún tàbí mẹ́wàá lọ́wọ́ yín, kò rẹ́ yín jẹ. Ilẹ̀ baba rẹ̀ ni ẹ gbé mọ́tò lé. Ẹ kí i, ẹ sanwó náà, kí ẹ tó tẹ́ aṣọ ìnura yín sílẹ̀. Owó kéékèèké ni kí ẹ máa mú rìn, torí kò sẹ́ni tó máa rí ṣéńjì tala 100 fún yín ní ìdí igi àgbọn. Apia ni kí ẹ ti gba owó jáde nínú ẹ̀rọ ATM, kí ẹ tó kọjá sí apá gúúsù.

Ìgbà àti ìwé ìrìnnà

Ẹ̀ẹ̀rùn wọn bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kàrún-ún, ó sì ń lọ títí dé oṣù Kẹwàá. Bí wọ́n bá bi mí, oṣù Kẹfà tàbí Keje ni mo máa mú, torí atẹ́gùn òkun máa ń fẹ́ dáadáa nígbà náà, ooru kì í sì í pọ̀. Láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin ni òjò ń rọ̀ jù, ìgbà náà ni ìjì líle náà ń jà. Èyí tí wọ́n pè ní Evan ba nǹkan jẹ́ gidigidi ní Upolu ní oṣù Kejìlá ọdún 2012. Oṣù Kejìlá yìí kan náà ni àwọn ọmọ Samoa tó ń gbé ní New Zealand àti Australia máa ń rọ́ wálé wá ṣọdún, tíkẹ́ẹ̀tì á wọ́n, mọ́tò háyà á sì ṣòroó rí.

Kò sí ọkọ̀ òfurufú tó ń ti ilẹ̀ Áfíríkà lọ síbẹ̀ tààrà. Auckland, Sydney, Brisbane tàbí Nadi ní Fiji ni ẹ ó ti wọ ọkọ̀ ìkẹyìn. Ẹni tó bá mú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà dání, kó kọ́kọ́ wádìí físà ìrékọjá ti orílẹ̀-èdè tó ti máa pààrọ̀ ọkọ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, torí ìyẹn lè gba àkókò ju gbogbo ìyókù lọ. Ẹ má gbàgbé káàdì yẹ́lò. Samoa máa ń bèèrè ẹ̀rí abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó bá ti orílẹ̀-èdè tí àìsàn náà wà wá, Nàìjíríà, Benin àti Togo sì wà lára wọn. Kò sí màláríà ní Samoa, àmọ́ ẹ̀fọn tó ń gbé ibà dengue kiri wà níbẹ̀, ojú ọ̀sán ló sì máa ń jẹ ènìyàn. Oògùn ẹ̀fọn tí wọ́n ń fi para ni kó wà nínú àpò yín.

Ọjọ́ orí kàlẹ́ńdà náà ṣe pàtàkì. Ní òpin ọdún 2011, Samoa kúrò ní ìhà Amẹ́ríkà ti ìlà tó ń pín ọjọ́ lórí òkun Pacific, ó bọ́ sí ìhà Australia àti New Zealand tó ń bá ṣòwò. Àwọn ènìyàn sùn ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, wọ́n sì jí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 31. Wákàtí 12 ni Apia fi ṣáájú Èkó báyìí, tó fi jẹ́ pé ọ̀gànjọ́ òru ni lọ́dọ̀ wọn nígbà tó bá jẹ́ aago méjìlá ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ yóò pàdánù odindi ọjọ́ kan lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí ẹ máa gúnlẹ̀ ni kí ẹ fi gba yàrá àti mọ́tò, ẹ má fi ọjọ́ tí ẹ gbéra gbà á.

Apá òsì ni wọ́n ń gbà

Ní aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, gbogbo mọ́tò tó wà lójú títì ní Samoa kúrò ní apá ọ̀tún, wọ́n bọ́ sí apá òsì. Ìjọba Tuilaepa Sailele Malielegaoi ló pa á láṣẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé apá òsì ni wọ́n ń gbà ní New Zealand, Australia àti Japan, níbi tí mọ́tò àlòkù ti pọ̀ tí kò sì wọ́n, ìjọba sì fẹ́ kí àwọn ọmọ Samoa tó wà lókè òkun lè máa fi mọ́tò ránṣẹ́ sílé. Àwọn kan lòdì sí i gidigidi, àmọ́ ọjọ́ náà dé, ó sì lọ ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Àwọn àgbà wa tó ń wakọ̀ kí ọdún 1972 tó dé kò ní í rí i bí nǹkan àrà: apá òsì làwa náà ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún náà, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Ọ̀nà tí a gbà jáde ni Samoa gbà wọlé.

Ará ilé yín tó ń gbé ní London kò níṣòro. Ẹni tó ti Ìbàdàn tàbí Houston wá ni kó fara balẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wà nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò ibẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún náà sì ni tíráfíkétọ̀ máa ń wà. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, wáípà ni ọwọ́ yín á máa tàn nígbà tí ẹ bá fẹ́ yà. Kì í ṣe inú gìrìgìrì Apia ni ewu ti pọ̀ jù, torí mọ́tò tó wà níwájú yín á máa fọ̀nà hàn yín. Ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé epo, tàbí tí ẹ dúró ya fọ́tò lójú ọ̀nà tí kò sí ẹlòmíràn, tí ẹ wá tún gbéra, ìgbà yẹn ni ara máa ń fẹ́ padà sí apá ọ̀tún tó ti mọ́ ọn lára. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó jókòó ti awakọ̀ máa sọ ọ́ sókè ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra: "Apá òsì o!" Ẹ má tijú rẹ̀. Ní ràńdábáòtù, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún yín ló lọ̀nà. Bí ẹ bá fẹ́ fẹsẹ̀ sọdá títì, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Mọ́tò fúnra rẹ̀

Mọ́tò kékeré tó fún ọ̀nà ńlá, torí ọ̀dà ni wọ́n dà sí i. Àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etíkun ló kún fún òkúta àti kòtò, pàápàá ní apá gúúsù, ẹni tó bá sì fẹ́ dé gbogbo wọn, kó gba mọ́tò tó ga nílẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ ṣí búùtù, ẹ fọwọ́ tẹ táyà karùn-ún bóyá atẹ́gùn wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì rí jáàkì àti sípánà rẹ̀ sójú. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ibi tó ti ha lára mọ́tò náà. Ẹ bèèrè bóyá owó ìbánigbófò kan táyà àti gíláàsì, torí ìwọ̀nyí ni wọ́n sábà máa ń yọ sílẹ̀. Láísẹ́ǹsì tí ẹ gbé ti ilé wá kò tó: òfin ní kí àlejò gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ onígbà díẹ̀ ti Samoa, àwọn tó ń háyà mọ́tò sì sábà máa ń bá oníbàárà wọn ṣe é lójú ẹsẹ̀.

Máìlì 25 ní wákàtí kan ni òfin gbà nínú abúlé, 35 ló gbà níta, ìyẹn bíi kìlómítà 40 àti 56. Bí abúlé ṣe so kọ́ra wọn lójú ọ̀nà yẹn, 25 ni ẹ ó máa sá jù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ajá máa ń sùn sórí ọ̀dà nítorí ooru rẹ̀, kì í sì í tètè dìde fún mọ́tò. Ẹlẹ́dẹ̀ á kó ọmọ rẹ̀ sọdá. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ á máa ṣeré rugby àti volleyball ní pápá iwájú abúlé, bọ́ọ̀lù á sì ta wọ títì. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, iná kì í sí ní ibi púpọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì ń rìn létí ọ̀dà. Ẹ má fi òru wakọ̀ ní Upolu, kò sí ohun tó lè jẹ́ kó pọn dandan nínú ìrìn àjò ìgbafẹ́.

Apia ni kí ẹ ti rọ epo kún táǹkì, torí ilé epo kò pọ̀ ní gúúsù. Ẹ sì gba máàpù sórí fóònù yín sílẹ̀ kí ẹ tó gbéra, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ tó bá kan àárín òkè.

Ọjọ́ Àìkú

Ibi tí ọjọ́ Àìkú máa bá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu, kí ẹ wá to ìyókù sí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbéra ní Apia ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹ sun òru méjì ní Lalomanu ní ìpẹ̀kun ìlà-oòrùn, kí ẹ má ṣe gbé mọ́tò lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ wá tẹ̀ síwájú lọ́jọ́ Ajé.

Ọdún 1830 ni John Williams, míṣọ́nnárì ará Ìlú Ọba, gúnlẹ̀ sí Savai'i, erékùṣù tó tóbi ju Upolu lọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ìsìn Kristi ti wọ inú ìgbésí ayé abúlé títí dé egungun. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, èéfín á máa rú láti ẹ̀yìn ilé gbogbo, nítorí àwọn ọkùnrin ti dáná sun òkúta fún umu, ààrò wọn tí wọ́n ń tò sórí ilẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì á fi dún. Ìdílé-ìdílé á máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì nínú aṣọ funfun báláú, àwọn obìnrin á dé fìlà, ohùn orin á sì gba ojú fèrèsé jáde débi tí ẹ ó ti gbọ́ ọ láti etí òkun. Lẹ́yìn ìsìn ni to'ona'i, oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, tí ẹbí máa ń jẹ papọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo abúlé á sùn. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù á ti ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ abúlé kì í sì í gbà kí àlejò wá lúwẹ̀ẹ́ ní etíkun wọn. Ẹ lè bá wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá wọ ìró àti bùbá tó mọ́ tónítóní kò ní í ṣàjèjì níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ náà ní tirẹ̀. Láàárín aago mẹ́fà sí méje, abúlé máa ń ya àkókò díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àdúrà ìdílé, èyí tí wọ́n ń pè ní sā. Wọ́n á fọn ìkarahun òkun tàbí kí wọ́n lu agogo. Ti àkọ́kọ́ ń sọ pé kí oníkálùkù máa lọ sílé, ti èkejì ń sọ pé àdúrà ti bẹ̀rẹ̀, ti ẹ̀kẹta á sì tú wọn sílẹ̀. Ní àwọn abúlé kan, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ró lavalava (aṣọ tí wọ́n ń ró mọ́ ìdí) irú kan náà á tò sí ẹ̀gbẹ́ títì láti rí i pé kò sẹ́ni tó ń rìn kiri. Bí ẹ bá wà lẹ́sẹ̀, ẹ dúró, ẹ jókòó síbi kan títí ó fi parí. Bí ẹ bá wà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà ńlá, ẹ dín eré kù, ẹ pa orin, kí ẹ sì dúró bí wọ́n bá na ọwọ́ sí yín. Ohun tó dára jù ni kí ẹ ti wà níbi tí ẹ fẹ́ sùn kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù.

Ìyókù kò le fún ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Aṣọ ìwẹ̀ kò kọjá etí omi, ẹ ró lavalava lé e kí ẹ tó wọ abúlé. Ẹ má jẹun bí ẹ ṣe ń rìn lọ. Bí àwọn àgbà bá jókòó, ẹ má dúró lé wọn lórí. Ẹ ká ẹsẹ̀ kò bí ẹ bá jókòó lórí ẹní, ẹ má nà án sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọjá níwájú ẹni tó jókòó, ẹ tẹrí ba, ẹ sọ pé "tulou". Ẹ máa kí ènìyàn ní "talofa".

Ọ̀nà náà

Ìlà-oòrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà láti Apia. Bí ẹ bá yí erékùṣù náà po bẹ́ẹ̀, apá òsì tí ẹ ń gbà ni òkun á máa wà jálẹ̀, ẹ ò sì ní í máa dá mọ́tò ọlọ́mọ́tò dúró láti sọdá nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí ibi tó wù yín. Ẹ lè gbéra ní bíi aago mẹ́sàn-án, nígbà tí oòrùn àárọ̀ kò ní í ta sí yín lójú mọ́.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ yà sí ni Piula, nǹkan bíi kìlómítà 26 sí Apia. Ilé ẹ̀kọ́ ìsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1868 ló wà níbẹ̀, adágún omi kan sì ń sun láti inú ihò àpáta lábẹ́ rẹ̀. Omi tútù ni, kò níyọ̀, bẹ́ẹ̀ ìṣísẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín rẹ̀ àti òkun. Ó mọ́ gaara débi pé ẹ ó rí ẹja tó ń rìn láàárín ẹsẹ̀ yín. Ihò náà ń lọ jìnnà sínú òkùnkùn, ọ̀nà kan sì wà lábẹ́ omi tí àwọn akọni máa ń gbà bọ́ sínú ihò kejì. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn. Wọ́n kì í ṣí Piula lọ́jọ́ Àìkú.

Lẹ́yìn Falefa, níbi tí òṣòòrò omi kan wà létí ọ̀nà, ọ̀nà ńlá fi etíkun sílẹ̀, ó gun òkè. Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá lágbára lè gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ lọ sí ìyawọlẹ̀ òkun Fagaloa àti abúlé Uafato, níbi tí àwọn agbẹ́gilére wà. Ọ̀nà náà dagun, ó sì rí pálapàla, kò sì yẹ nígbà òjò. Àwọn tó kù á gba orí òkè Le Mafa, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sí Aleipata, kí òkun tó tún yọ.

Lalomanu ni etíkun tí fọ́tò rẹ̀ ń gbé ènìyàn wá sí Samoa. Iyanrìn funfun ni, ọ̀sà tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ roro wà níwájú rẹ̀, erékùṣù Nu'utele sì dá dúró lókè omi lọ́hùn-ún. Inú fale ni ẹ ó sùn, ahéré tí kò ní ògiri, tí ilẹ̀ rẹ̀ ga díẹ̀ sókè iyanrìn, pẹ̀lú mátírẹ́ẹ̀sì, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, àti aṣọ tàbí ewé àgbọn híhun tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà òjò. Oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́ sábà máa ń wà nínú owó rẹ̀.

Oúnjẹ náà kò ní í ṣàjèjì sí ọ̀fun yín. Kókò wà níbẹ̀, gbẹ̀rẹ̀fúùtù wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Palusami ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kó kọjá yín. Ewé kókò tí kò tíì gbó ni wọ́n á kó lé ara wọn ní àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á ṣe é bí ife, wọ́n á bu omi àgbọn tí wọ́n rin tí wọ́n sì fún sínú rẹ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà àti iyọ̀, wọ́n á pọ́n ọn, wọ́n á tún fi ewé mìíràn dì í lóde, wọ́n á sì gbé e sáàárín òkúta gbígbóná umu. Bí ó bá jinná, ewé náà á ti rọ̀, àgbọn náà á ti dì mọ́ ọn lára. Ti ọjọ́ Àìkú ló dára jù.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó sùn létí omi yìí. Ní àárọ̀ ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ apá títì, ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun ní gúúsù Samoa, kò sì pẹ́ tí omi fi ya wọ Lalomanu, Saleapaga àti àwọn abúlé mìíràn ní etíkun yìí. Àwọn tó kú ní Samoa lé ní 140. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Saleapaga kó lọ sí orí òkè lẹ́yìn náà, àwọn mìíràn sì padà wá tún fale wọn kọ́ nítorí ibẹ̀ ni oúnjẹ òòjọ́ wọn wà. Torí náà, nígbà tí ẹ bá gbé ẹrù sílẹ̀, ẹ wá ọ̀nà tó gun òkè rí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn ọmọdé tó wà pẹ̀lú yín mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ bá mì tó le tàbí tó pẹ́, ẹ má dúró de fèrè, ẹ má wá bàtà, ẹ má wọ mọ́tò, ẹ sá gun òkè.

Omi ọ̀sà náà jọ omi jẹ́jẹ́, àmọ́ ó ní ibi tó ń gbà jáde sí òkun. Níbi tí ẹ bá rí àlàfo láàárín àwọn ìgbì tó ń fọ́ lórí àpáta iyùn, ìṣàn omi ibẹ̀ lágbára, ó sì lè gbé òmùwẹ̀ lọ. Ẹ bi àwọn onílé níbi tó yẹ kí ẹ wẹ̀ dé. Ẹ wọ bàtà sínú omi nítorí àpáta àti ẹja olóró tó máa ń sùn sílẹ̀ bí òkúta.

Ní ọjọ́ Ajé, ẹ máa bọ̀ ní apá gúúsù. Oòrùn á wà lẹ́yìn yín. Ní Lotofaga ni To Sua wà, ihò ńlá tó jìn tó nǹkan bíi mítà 30, tí igbó àti òdòdó yí ẹnu rẹ̀ ká, tí omi òkun sì ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àkàbà onígi gígùn kan ni ẹ ó gbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹ kọjú sí àkàbà, ẹ má kó nǹkan sọ́wọ́, nítorí ìpele ìsàlẹ̀ máa ń yọ̀. Omi náà ń wọlé ó sì ń jáde bí òkun ṣe ń mí, ẹ má sún mọ́ ọ̀nà abẹ́ àpáta tó gbà wọlé. Ẹ tètè débẹ̀, torí lọ́sàn-án ni àwọn tó ti Apia wá máa ń dé.

Láti ibẹ̀ lọ, ẹ lè yà wo òṣòòrò Sopo'aga, ẹ lè lúwẹ̀ẹ́ ní Togitogiga, lẹ́bàá ọgbà ìjọba O Le Pupu-Pu'e tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1978. Ní Siumu, ọ̀nà tó la àárín erékùṣù já padà sí Apia á yọ. Ẹni tó bá ní ọjọ́ kan sí i, kó sùn ní agbègbè yẹn, kó sì lọ sí Lefaga lọ́jọ́ kejì, níbi tí wọ́n ti ya sinimá tí Gary Cooper ṣe tó jáde ní 1953.

Ọ̀nà àárín yẹn fúnra rẹ̀ tó rìn. Òṣòòrò Papapapaitai tó ga gan-an ni ẹ ó kọ́kọ́ rí láti etí títì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni tẹ́ńpìlì àwọn Baha'i ní Tiapapata, alápá mẹ́sàn-án, tí wọ́n ṣí ní 1984. Nígbà tí ẹ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ Apia ni Vailima, ilé Robert Louis Stevenson, òǹkọ̀wé ará Scotland tó lo àwọn ọdún tó kẹ́yìn ayé rẹ̀ níbẹ̀, tó sì kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 1894. Ó ran àwọn olóyè kan tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n nítorí òṣèlú lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ wọ́n wò, ó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde ní ọdún 1894 yẹn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn la ọ̀nà kan dé ilé rẹ̀ láti dúpẹ́. Orí òkè Vaea ni sàárè rẹ̀ wà. Ẹ gun òkè náà ní àárọ̀, kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì gbé omi dání.

Pápákọ̀ òfurufú Faleolo jìn sí Apia tó bíi kìlómítà 35, abúlé ló sì kún ojú ọ̀nà náà. Bí ọkọ̀ yín bá máa gbéra lálẹ́, ẹ dá mọ́tò padà ní ọ̀sán pẹ̀lú epo tó kún, kí ẹni tó ni ín yẹ̀ ẹ́ wò lójú ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì gba takisí lọ kí àkókò sā tó dé.